Kọ́kọ́rọ́ Tí Ẹnu Ò Lè Gbé Fún Olè

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì ń dúpẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí!

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ sáìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe níbí ní Savalou. Àbúrò ìyá mi, tàǹtí Ràmátù, ń gbé ní Lougba, lábẹ́ Bantè. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan kajú, ìyẹn kaṣú, níbẹ̀, èmi ni mo sì ṣe sáìtì tí àwọn oníbàárà fi ń ra kajú náà láti Cotonou títí dé Parakou. Nọ́ńbà fóònù tí owó ń gbà wọlé wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ráyè yí nọ́ńbà yẹn padà, òógùn gbogbo àwọn obìnrin yẹn ló kó lọ o! Àsìkò kajú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kóòdù ni wọ́n fi ń wọlé, ìyẹn páswọ́ọ̀dù. Háà, ojú mi rí nǹkan! Lónìí wọ́n gbàgbé, lọ́la wọ́n gbàgbé. Mo ṣe ojú ewé kan fún ẹni tó bá gbàgbé, pé kí ó lọ wo ímeèlì rẹ̀. Ímeèlì wo? Ta ló ní ímeèlì nínú wọn? Ọjọ́ tí mo wá dé ibi tí wọ́n ti ń yan kajú, kí ni mo rí? Wọ́n ti fi èédú kọ kóòdù gàdàgbà sára ògiri! Mo figbe ta. Tàǹtí ní kí ló dé, ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo àwọn, kí ni àwọn fẹ́ fi pamọ́ fún ara àwọn?

Ni mo bá pa kóòdù rẹ́ pátápátá, mo fi páskì rọ́pò rẹ̀. Páskì, kọ́kọ́rọ́ ni, inú fóònù ẹni ló ń gbé. Ìwọ gan-an ò mọ bó ṣe rí, fóònù rẹ ló mọ̀ ọ́n. Tí o bá ti lè ṣí fóònù rẹ, o ti wọlé nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi náà fúyẹ́: ojú ewé "mo gbàgbé", ibi tí mò ń tọ́jú kóòdù oníkóòdù sí, gbogbo ẹ̀ ni mo gbá dànù. Ìka ni mo kọ́kọ́ ní kí tàǹtí fi máa ṣí i, àmọ́ epo èèpo kajú ti bó ìka wọn títí tó fi dán bọ̀rọ́, fóònù ò dá a mọ̀. A wá lo ìlà tí wọ́n ti máa ń fà lójú fóònù wọn tẹ́lẹ̀ láti fi ṣí i.

Mo tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má máa dá àlejò lóhùn lórí fóònù. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi nírú ìwàkiwà bẹ́ẹ̀, kí èèyàn kíni, ká má dáhùn?

Àfi bí tàǹtí ṣe pè mí lọ́sàn-án gangan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tìbínú-tìbínú. "Ìwọ ọmọ yìí, o kọ́lé fún wa, o ò fún wa ní kọ́kọ́rọ́! O ti sọ mí di òpùrọ́ lójú àlejò!"

Òpùrọ́ báwo? Wọ́n ní ọkùnrin kan pe àwọn. Kì í ṣe èdè Isha tiwa ló ń sọ o, Yorùbá bíi ti rédíò Nàìjíríà ni, ó sì mọ èèyàn kí: ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè oko. Ó ní èmi ni mo rán òun, pé sáìtì fẹ́ kú kí ọjọ́ tó rọ̀, kí wọ́n tètè fún òun ní kóòdù.

Mo yára bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ fún un. Wọ́n ní kí ni àwọn ìbá sọ bí kò ṣe òótọ́? Wọ́n ní kò sí kóòdù. Àánú ẹ̀ wá ṣe wọ́n, ni wọ́n bá ṣàlàyé ìlà ojú fóònù wọn fún un, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́: bẹ̀rẹ̀ lókè, yà sí ọ̀tún, sọ̀ kalẹ̀... Ọkùnrin náà ní kì í ṣe ìyẹn lòun béèrè, kóòdù lòun fẹ́. Wọ́n tún ní kò sí. Ló bá fi ìbínú pè wọ́n ní àgbà òpùrọ́, ó sì pa fóònù.

Mo sáré ṣí sáìtì. Nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀ digbí! Kò sí àjèjì kankan tó wọlé. Mo gun ọ̀kadà zémìjàn, ó di Bantè, mo gun òmíràn, ó di Lougba, eruku bò mí látòkè délẹ̀.

Tàǹtí ń pa kajú nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ wọn, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Mo ṣàlàyé pé olè ni, àti pé fóònù ọwọ́ wọn yẹn ni kọ́kọ́rọ́, ẹnu ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ò bá ní fóònù náà lọ́wọ́, ìlà tí wọ́n kà fún un, kí ló fẹ́ fi ṣe? (A yí ìlà náà padà lójú ẹsẹ̀ ṣá o!)

Tàǹtí gbé kajú ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Olè? Ẹni tó mọ èèyàn kí tó yẹn?"

Mo ní ẹ̀n, tàǹtí, olè ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún un níṣẹ́ gidi ṣe, wọ́n sì padà sídìí kajú wọn.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi kọ́ ni mo ṣe páskì. Àwọn tí mi ò mọ̀, tí wọn ò gbọ́ orúkọ Lougba rí, ni wọ́n jókòó ro ó. Ẹ ṣeun o, níbi yòówù tí ẹ bá wà! Ìwà rere tàǹtí mi ni olè yẹn fẹ́ fi jà wọ́n lólè, ẹ sì ti gbà mí lọ́wọ́ kí n máa kọ́ wọn ní ìwàkiwà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: bí ilẹ̀kùn ò bá le, ẹ má bá onílé tó lawọ́ jà, káfíńtà ni kẹ́ ẹ bi. Àwa tí à ń ṣe sáìtì ni káfíńtà yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni wọ́n ti pè bẹ́ẹ̀ rí nínú yín? Kí lẹ sọ fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Tàǹtí ní kí n kí yín, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Wọ́n tún ní bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọkùnrin ọ̀hún, kí ó bá àwọn sọ fún un: gbogbo ohun tí àwọn mọ̀ ni àwọn sọ, àwọn ò purọ́.