Ìka Tí Iná Kò Mọ̀

Ọwọ́ lásán ni Màmá Ẹlẹ́ja fi ń yí ẹja lórí iná. Èéfín á bo ojú wọn, ọ̀rá ẹja á máa kán sórí ẹyín iná, á máa dún ṣàà, wọ́n á sì na ọwọ́ síbẹ̀ bí ẹni ń ká aṣọ lórí okùn. Ìka ọmọńdinrín nìkan ni kì í ṣiṣẹ́. Ṣe ló máa ń nà sókè, kò ní kan wáyà tí wọ́n tẹ́ ẹja sí, kò ní kan ẹja. Àwa ọmọdé máa ń sín wọn jẹ, a ó na ọmọńdinrín tiwa tí a bá ń jẹ gúgúrú. Wọ́n á ní, "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ni mo fi pamọ́ fún Jésù."

Ẹ̀bá ọ̀sà ní Bàrígà là ń gbé, yàrá Màmá kọjú sí tiwa. Etí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n ti wá. Ìyá mi á ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìgbóbì, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí náà èéfín ni aṣọ iléèwé mi máa ń rùn láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá Télọ̀, Mùsùlùmí láti ìlú Ọ̀yọ́, ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì. Tí wọ́n bá ti gbé bútà àlùwàlá wọn jáde, Màmá á ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fọ awọ ẹsẹ̀ dànù. Bàbá ò ní gbà. "Ìyá Ìjọ, tí ẹ bá gbé òórùn ẹja yìí dé ọ̀run, ata ni àwọn áńgẹ́lì máa kọ́kọ́ béèrè."

Lọ́dún tí ìdìbò ń bọ̀, ọkùnrin kan tó ń du ipò ládùúgbò wa ń sọ kiri pé tí òun bá wọlé, gbogbo ilé àdúrà kéékèèké tó wà láàárín ilé gbígbé lòun máa tì pa. Orí pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Abúlé Òkúta ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Mọ́ṣáláṣí Bàbá Télọ̀ kò ju yàrá kan lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa méjèèjì.

Pásítọ̀ wa, ènìyàn jẹ́jẹ́, kéde pé ààwẹ̀ àti àdúrà la máa fi ọjọ́ ìdìbò ṣe, pé ọmọ ìjọba ọ̀run ò ní nǹkan tó ń wá nínú òṣèlú. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Màmá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n tún gèlè wọn so.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àdúrà, a ti ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ṣe àmín rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dìbò, kí n tó wá bá yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní kí kálukú ṣe bí Ẹ̀mí bá ṣe darí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí iná, Màmá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn alágbára ìlú àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì ìyá àwọn pa nítorí ọdún ìbílẹ̀ kan. Inú ọkọ̀ ojú omi ni àwọn obìnrin ìjọ ti wá ń jọ́sìn. Wọ́n á tukọ̀ jìnnà, síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́ orin wọn.

"Kò dáa kéèyàn máa sá kọrin fún Ọlọ́run bí olè," Màmá ní. "Mi ò sì fẹ́ kí Bàbá Télọ̀ lọ máa kírun lójú omi. Ọkùnrin yẹn ò mọ lúwẹ̀ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, títì pa rọ́rọ́, àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí mọ́tò máa ń gbà. Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fà mí lọ́wọ́. Nígbà tó kàn wọ́n, àgùnbánirọ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ gba káàdì wọn, ó ní kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò. Ẹ̀rọ kọ̀. Wọ́n tẹ èkejì, ó tún kọ̀. Iná àti egungun ẹja ti nu gbogbo ìlà ìka wọn kúrò. Àwọn èrò ẹ̀yìn ń kùn, ẹnì kan ní kí ìyá yẹn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i tí Màmá ń fa ọwọ́ padà, ọwọ́ tí kì í sá fún iná.

"Ọmọ mi, ṣé kí n máa lọ nìyẹn?"

Àgùnbánirọ̀ náà ò tíì fèsì tí Bàbá Télọ̀ fi kúrò lórí ìlà. Àwọn èrò kígbe mọ́ Bàbá pé ààyè wọn máa lọ, wọn ò wẹ̀yìn. Bútà ni wọ́n gbé dé láti ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọṣẹ.

"Ìyá Ìjọ, ẹ na ọwọ́."

"Bútà àlùwàlá yín?"

"Omi ló wà nínú ẹ̀. Kò bi yín léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń lọ."

Bàbá ń da omi, Màmá ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ìdí ìró nù ún. Àtàǹpàkò tún kọ̀. Ìka ìfábẹ̀lá kọ̀. Màmá wá wo ọwọ́ wọn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọmọńdinrín. "Jésù, jọ̀ọ́, yá mi ní tìrẹ."

Ẹ̀rọ gbà á. Wọ́n fi íǹkì sàmì sí i, Màmá sì dìbò.

Bàbá Télọ̀ padà sí ìdí ìlà, nínú oòrùn. Màmá ò lọ sílé. Wọ́n dúró ti Bàbá títí àwọn náà fi dìbò, wọ́n ń fi gèlè fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Lẹ́yìn náà la lọ bá ìjọ nídìí àdúrà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí Màmá na ọwọ́ gba oúnjẹ Olúwa, íǹkì ṣì dúdú lórí ọmọńdinrín náà. Pásítọ̀ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì fún wọn ní búrẹ́dì. Nígbà ìdìbò tó tẹ̀lé e, kùtùkùtù la parí àdúrà. Pásítọ̀ ló ṣáájú wa lọ síbi ìdìbò.

Ọkùnrin yẹn ò wọlé. Mi ò lè sọ pé ìbò Màmá ló lé e. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ò tì, ti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ò tì.

Màmá ti sùn nínú Olúwa. Èmi náà ti di ìyá ọmọ. Ojú ni ẹ̀rọ ìdìbò ń wò báyìí. Síbẹ̀, nígbà tí mo dìbò kẹ́yìn, tí wọ́n ní kí n mú ìka wá fún íǹkì, ọmọńdinrín ni mo nà, ó sì dà bíi pé mo gbọ́ òórùn èéfín. Tí mo bá ń yí dòdò nínú epo, tí ọmọńdinrín mi nà sókè, ọmọbìnrin mi máa ń na ìka tirẹ̀ sókè, á máa sín mi jẹ, á máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń fi í sílẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó bá gba káàdì ìdìbò tirẹ̀, màá sọ fún un ẹni tí a ń fi í pamọ́ fún.