Ẹni tó jókòó ló ń kọ́kọ́ wọlé

Àǹtí Ràlíà, ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tí ẹ fi wá sílẹ̀, ọkùnrin kan sì bú iṣẹ́ yín lójú mi.

Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama kékeré tí ẹ kọ́ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá eré àkọ́kọ́ láìsí yín, ní Yábàá níbí. Bísí, igbákejì yín, ló dípò yín. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní bí wọ́n bá pàdánù, òun á wá kóòṣì mìíràn.

Síbẹ̀, òfin yín ló tẹ̀ lé: ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìgbá bọ́ọ̀lù nínú eré tó kọjá ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Àwọn alátakò ń nà wá. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.

"Kóòṣì wo ló ń fi àwọn tí ò mọ̀ ọ́n gbá ṣáájú? Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ife tí wọ́n gbà kún ọ́fíìsì."

"Wọ́n dà? Ẹ tètè pè wọ́n, kí wọ́n wá gbà yín!"

"Wọ́n ti jáde láyé, sà. Ẹ ṣáà jókòó, ẹ ó rí iṣẹ́ wọn."

Nígbà tí àwọn akọni wa wọlé, ó ti rẹ àwọn alátakò. A nà wọ́n! Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé bọ Bísí lọ́wọ́: "Kóòṣì, ìwọ náà la ó máa bá lọ."

Ẹ̀yin tí Àǹtí mi kọ́, ta ló rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi yín ṣáájú? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí mo kọ yìí.

Àǹtí mi, ọsàn tí ẹ máa ń bó fún wọn lásìkò ìsinmi, èmi ni n ó máa bó o.