Ohun tí Modinat Kọ nípa Bọ̀dá Làsísì

Ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tí Modinat ti ń di páálí ní Ìkẹjà, ọ̀gá rẹ̀ ti ṣèlérí fún un pé tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, òun máa gbé e lọ sí ọ́fíìsì sítọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ti ilé rẹ̀ ní Ifàkò lọ sí yunifásítì ní gbogbo Sátidé, tó sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ dátábéèsì.

Ẹ̀kọ́ wo ni? Ọ̀gbẹ́ni Làsísì tó ń kọ́ wọn kì í ṣí yàrá kọ̀ǹpútà. Yóò jókòó, yóò máa pe nóòtì, wọn yóò máa kọ ọ́, ó parí. Àṣẹ tó yẹ kí ẹ̀rọ gbọ́, inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bíi pé ìwé létí! Odidi sáà kan, Modinat kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà sítọ̀ kó gbìyànjú wò, ńṣe ló ranjú mọ́ ọn. Ojú tì í, ó sì padà sídìí páálí. Ọ̀gá ní òun máa fún un ní sáà kan sí i.

Làsísì náà ló sì tún máa kọ́ wọn ní sáà tó ń bọ̀. Ta ni yóò wá bá a sọ̀rọ̀? Kì í ṣe Modinat. Agboolé kan náà ni wọ́n ti wá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin yìí ló sì sáré kiri títí wọ́n fi gbà á wọlé. Bàbá Modinat kì í dárúkọ rẹ̀ láìṣàdúà fún un.

Nígbà tí sáà parí, yunifásítì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sórí ìkànnì, kó sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, láìkọ orúkọ.

"Modi, kò sí name ńbẹ̀, no shaking!" Ṣèyí tó máa ń jókòó tì í ní kíláàsì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Sọ gbogbo ẹ̀ jàre."

Lẹ́nu ìsinmi ọ̀sán, Modinat tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́. Ìgbà tó tún un kà ló tó rí ohun tó ṣe. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá Làsísì, ẹ má bínú sí mi."

Háà, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́! "Sà" ni gbogbo kíláàsì ń pe ọkùnrin náà. Modinat nìkan ló ń pè é ní bọ̀dá. Ó wá ọ̀nà tí yóò fi fà á padà, kò rí.

Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́, Làsísì ti sọ fún un. "Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Sọ pé irọ́ ni, pé wọ́n kó sí ọ nínú ni."

Modinat lọ sí ilé Làsísì ní Agége, ó kúnlẹ̀. Làsísì pe bàbá rẹ̀ sórí fóònù, ó gbé e sórí tábìlì kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ gbọ́ra.

"Àbúrò, àwọn ọ̀gá mi ti kà á," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló tún wá burú jù. "Bàbá ní irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni?"

Modinat wo ilẹ̀. Tó bá ní irọ́ ni, nóòtì ni wọn yóò tún máa kọ, ìdí páálí ni yóò sì wà. Tó bá ní òótọ́ ni, ojú wo ni yóò gbé wọ agboolé nígbà Iléyá?

"Òótọ́ ni, sà."

Làsísì gbójú sókè. Modinat kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kí ó tó fèsì, fóònù orí tábìlì ti kú. Bàbá Modinat ti pa á.