Odi Tó Wà Lẹ́yìn Oko Wa

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ mi mú mi lọ sí oko wọn ní ọ̀nà Ijagun. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun wọ inú yàrà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Erédò, tó wà lẹ́yìn oko náà, kí n lè mọ ibi tí àwọn obìnrin ilé ti ń já ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín.

Yàrà náà jìn. Bí èèyàn bá dúró nísàlẹ̀, ojú ọ̀run á wá rí tóóró lókè. Odi ilẹ̀ pupa ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ga ju òrùlé lọ. Wọ́n ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí orúkọ òun má bàa parun. Èmi ò sí níbẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé bí òjò bá rọ̀, yàrà yẹn ló ń gbé omi lọ, kì í jẹ́ kó dúró sí oko wa.

Nígbà tí a fẹ́ gòkè, ìyá ọkọ mi di apá mi mú.

"Ìyàwó, nu ẹsẹ̀ rẹ."

"Mo ti nù ún, Ìyá."

"O ò nù ún. Ha á mọ́ gbòǹgbò yẹn. A kì í gbé yẹ̀pẹ̀ ibí lọ sílé."

Ó ní bí kálukú bá ń gbé díẹ̀díẹ̀ lọ, kí ni yóò kù? Òun náà ha tirẹ̀. Bí gbogbo obìnrin ilé wa ṣe ń ṣe nìyẹn, títí àwọn ọmọ mi fi dàgbà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n ní àwọn ló ń bójú tó ohun àtijọ́, pé ìjọba fẹ́ dáàbò bo odi náà, pé àwọn yóò wá ri pátákó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni olórí ẹbí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé àlejò ìjọba ń la igbó kọjá wá sọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú, ká la ọ̀nà mọ́tò débẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun la ti ń rìn látọjọ́ yìí."

"Ìyàwó, ẹni tó wọ bàtà dídán lo fẹ́ kí gbòǹgbò gbé ṣubú? Wọn á ní a ò lajú."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wí. "Ewé rẹ̀ ló ń rò." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bí tọkùnrin tobìnrin ilé ṣe yọ àdá nìyẹn. A gé igi, a la ọ̀nà tó gba mọ́tò títí dé etí yàrà, a tún tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ kí mọ́tò lè rí ibi yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ri pátákó wọn. Ọmọ ọmọ mi kà á fún mi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n bá Bàbá ya fọ́tò, wọ́n lọ.

Ọ̀dà pátákó yẹn kò tíì ṣí tí àwọn ọkọ̀ típà fi dé. Ọ̀nà tí a là ni wọ́n gbà. Katapílà bẹ̀rẹ̀ sí í wó odi, àwọn típà ń ru ilẹ̀ pupa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bàbá fi ọ̀pá rìn lọ bá wọn.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni awakọ̀ kan wí. "Ìjọba ìbílẹ̀ ló fún wa láyè."

"Ìjọba náà ló ri pátákó yìí!"

"Ìjọba tiyín nìyẹn, Bàbá. Tiwa yàtọ̀."

Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kì í ṣe ìjà, kì í ṣe olè, ká lọ sí Abẹ́òkúta. A dé ọ́fíìsì àwọn tó ri pátákó ní Abẹ́òkúta. Obìnrin kan fún wa ní àga, ó fún wa lómi. Ó ní ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ́ wà lọ́wọ́ òmíràn, àwọn ò sì lẹ́ni tí àwọn lè rán lọ mú ẹnikẹ́ni.

"Kí ló wá jẹ́ tiyín lára odi náà?" mo bi í.

"Pátákó yẹn ni, Mà."

Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Kí òjò ọdún náà tó dá, odi ti tán lẹ́yìn oko wa, wọ́n sì ti dí yàrà pa. Omi wá jókòó sínú oko, ẹ̀gẹ́ mi jẹrà. Bàbá kò lọ sóko mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé fún un, á ní, "Ìyàwó, èmi ni mo la ọ̀nà fún wọn." Mo máa ń ní, "A jọ là á ni, Bàbá." Kò tù ú nínú. Kò tu èmi náà nínú.

Lọ́dún yìí, òṣìṣẹ́ mìíràn dé, ó ní òun wá yẹ odi wò. Mo mú un lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mà, ibo ló wà?"

Mo nawọ́ sókè, síbi tí odi náà ga dé tẹ́lẹ̀. Ó ń wo òfuurufú. Ó pẹ́ kó tó yé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Màá sọ fún wọn pé kò sí mọ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí à ń dáàbò bò."

Nígbà tí mo délé, Bàbá gbé orí sókè lórí ibùsùn.

"Wọ́n ní ìjọba dé. Ọ̀nà ibo ló gbà?"

"Èyí tí a là, Bàbá."

Ó yíjú sí ògiri. Mo gbé oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ wá, kò jẹ ẹ́.