Ẹni Tó Pè Mí Ní Àlàní Nínú Ọgbà Ààfin

Ẹ gbà mí o, mo ti dáhùn ìpè ẹni tí mi ò rí!

Kíláàsì wa gbéra láti Òṣogbo lónìí, a lọ wo ààfin àtijọ́ kan lápá Iléṣà. Ọba kankan ò gbé ibẹ̀ mọ́. Ọgbà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan tóbi ju gbogbo àdúgbò Òkè-Fìà lọ!

Ìyá arúgbó tó ń mú wa kiri kìlọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá pè yín nínú ọgbà yìí, tí ẹ ò rí ẹni tó pè yín, ẹ má dáhùn o."

Háà, mo ti ríṣẹ́! Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo ń fi ohùn arúgbó pe Sàkírù ọ̀rẹ́ mi. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Ìgbà yẹn ni ohùn kan pè mí létí: "Àlàní."

"Mà!" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan.

Kò sẹ́ni tó mọ oríkì mi nílé ìwé. Màmá àgbà mi nìkan ló máa ń fi pè mí, a sì sin wọ́n lóṣù tó kọjá.

Mo sáré bá ìyá yẹn. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o dáhùn?" Mo ní rárá. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò.

Mo ti délé. Mọ́mì mi ń pè mí láti ilé ìdáná, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ebi ń pa mí kú lọ, àmọ́ mi ò ní dáhùn àfi tí mo bá rí ojú wọn. Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ tètè fèsì: ṣé àtúnṣe wà fún ẹni tó ti dáhùn?