Ẹkùn Tí Kò Sí Lójú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Gbogbo ẹni tó gbé Festac láyé ọjọ́un ló rántí àárọ̀ Sátidé tí Bàbá Sàláwù gbéra lọ sí Àgbádárìgì lórí kẹ̀kẹ́. Ọdún 1986 ni. Ó fi rọ́bà di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì, ó so búùtà àlùwàlá mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì dé fìlà bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn aládùúgbò sìn ín dé Fọ́ọ̀sì Géètì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń juwọ́ sí wọn títí tó fi wa kẹ̀kẹ́ wọnú gọ́tà.

"Bíréèkì ni mo ń dán wò," ó wí, bó ṣe ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára. Ó tún gun kẹ̀kẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Sàláwù, ó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ṣùgbọ́n ìtàn ló mọ̀ ọ́n tà jù. Èyí tó fẹ́ràn jù ni bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ láti Ìṣẹ́yìn wá sí Èkó nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ìtàn náà ò sì yé dàgbà. Lọ́dún 1981, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ló bá a sáré nítòsí Abẹ́òkúta. Nígbà tó di 1983, ọ̀kẹ́rẹ́ ti di ìkookò. Ní 1986, ẹkùn ni, ó sì ti rẹ ẹkùn náà débi pé ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," Ọládòṣù télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Sàláwù fara kanra, sọ lọ́jọ́ kan lójú àwọn oníbàárà, "kẹ̀kẹ́ yín ṣì wà ńlẹ̀. Àgbádárìgì ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún débẹ̀ ká fojú wa rí i."

"Ọgbọ̀n máìlì lásán? Ìyẹn ò tó kí n fi na ẹsẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀!"

Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi Sìlífátù, ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ kíṣìnì, Sìlífátù gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Bàbá Tàwà, lọ́rì la jọ wọ̀ wá sí Èkó. Orí àpò èlùbọ́ ni mo jókòó sí. Èjìká mi lẹ sùn lé."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ mi ò sí nínú lọ́rì náà ni?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé ó dé Èkó àbí kò dé?"

"Ó dé."

"Ṣó o rí i pé irọ́ kọ́."

Ṣùgbọ́n Sàláwù ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí. "Sìlífátù, mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi. Tí mi ò bá lè wà á dé Àgbádárìgì, kí ni mo wá jẹ́? Kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ lé mi o."

Sìlífátù fẹ́ràn ọkùnrin náà, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tó di aago mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé yẹn, ó fi ìborùn bojú, ó wọ bọ́ọ̀sì ní Alákijà.

Bọ́ọ̀sì dúró gbé èrò nítòsí Àgbárá, ibẹ̀ ló ti rí ọkọ rẹ̀. Sàláwù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òógùn ti mú dàńṣíkí lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lọ́rì oníyanrìn kan ti páàkì síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín sẹ́yìn, ẹ wọlé jàre!" dírẹ́bà pariwo. "Fríì ni! Àgbádárìgì là ń lọ!"

Sàláwù gbé ọwọ́ lé ara lọ́rì náà. Sìlífátù yọjú lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Tó bá wọ̀ ọ́, ta ló máa mọ̀?

"Ẹ ṣé o," Sàláwù dáhùn níkẹyìn. "Mo ti wọ tèmi lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé dírẹ́bà. Sìlífátù nìkan ló yé, ó sì ń sunkún lọ nínú bọ́ọ̀sì débi pé kọ̀ndọ́kítọ̀ bi í pé, "Màmá, ṣé a ti gbé yín kọjá ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Sàláwù wọ Àgbádárìgì. Láti ẹ̀yìn igi àgbọn kan, Sìlífátù, tí bọ́ọ̀sì ti gbé débẹ̀ ṣáájú, rí i tó sọ̀ kalẹ̀, tó forí kanlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí kò sì lè dìde mọ́. Àwọn apẹja méjì ló gbé e nílẹ̀. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ tó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ìdí tó ń dun Sàláwù ò jẹ́ kó lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ojú gbogbo èrò ibùdókọ̀ Mazamaza, nítòsí Festac, ló ṣe sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ látorí bọ́ọ̀sì, ó di àgbọn kan mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

"Ẹ̀gbọ́n," Ọládòṣù bi í, "ṣé wọn kì í ta àgbọn ní Mazamaza ni?"

Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé Sàláwù sọ òótọ́. "Mo gbéra, mo wà á, mo débẹ̀. Ìdí ń dùn mí."

"Ẹkùn ńkọ́?"

"Kò sí ẹkùn."

Nígbà tí ò ti sí ẹkùn, gbogbo wọn gbà pé irọ́ ló ń pa.

Ó ń ṣe Sìlífátù bíi kó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ á mọ̀ pé ẹ̀rù ti ba òun pé kò ní lè ṣe é. Ó fọ́ àgbọn náà, wọ́n jọ fi mu gààrí.

"Èmi mọ̀," Sàláwù sọ. "Ọlọ́run náà mọ̀. Ó tó."

Sàláwù kú lọ́dún 1989, lórí ibùsùn rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìtàn rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ọládòṣù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àti Àgbádárìgì yẹn! Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ!"

"Wọn ò wọ bọ́ọ̀sì lọ," Sìlífátù sọ. "Mo rí wọn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, lọ́rì oníyanrìn tó fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, igi àgbọn, iwájú orí tó kanlẹ̀. Ọládòṣù ṣí fìlà.

"Ìyá Tàwà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Ó tún bi í pé, "Ti Ìṣẹ́yìn wá ńkọ́? Ṣé òótọ́ nìyẹn náà?"

Sìlífátù wo kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri, búùtà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rántí àpò èlùbọ́, àti orí kan tó wúwo lórí èjìká rẹ̀.

"Ti Ìṣẹ́yìn kẹ̀?" ó ní. "Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo jókòó sí. Ẹkùn yẹn ò kàn tóbi tó bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni."