Ọjọ́ Tí A Sunkún Àǹtí Ràbí ní Ìkòtún

Òórùn pákó tútù ló máa ń jí mi ní Ìkòtún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kápẹ́ńtà ni bàbá mi, owó epo sì ti dé ìlú, gbogbo ayé ń kọ́lé. Láti Ìdímù títí dé Ìgándò, ibi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́dún tó kọjá ti di ìpìlẹ̀ ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá mi á ti máa fá pákó lẹ́yìnkùlé, èérún rẹ̀ á sì máa fò lọ sínú àkàrà tí ìyá mi ń dín. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Alímọ̀ṣọ́ láyé ìgbà yẹn, ẹ ó rántí ariwo ayùn náà. Ẹ ó rántí pé a jẹ àkàrà náà bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan.

Inú gbogbo wa ló ń dùn, àfi Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá wa gbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Àǹtí Ràbí, ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Góòlù kí wọ́n tó bí mi. Góòlù ni Ìyá Àgbà ń pe Gánà, kò sẹ́ni tó lè yí wọn lẹ́nu padà. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ya wálé tẹrùtẹrù. Ṣùgbọ́n Àǹtí Ràbí ti fẹ́ ọmọ ìlú náà ní Kùmásì, wọ́n sì ní àwọn ò lọ síbì kankan. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó wọn mọ́. Tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnú bá já èrò sílẹ̀ ní oríta, Ìyá Àgbà á rán mi pé kí n sáré lọ wo ojú àwọn obìnrin inú rẹ̀, èmi tí n kò fojú kan Àǹtí Ràbí rí. Bí mo bá padà dé lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọ yàrá wọn lọ.

Àṣé Góòlù náà ti ń bọ̀ wá bá wa. Ọdún yẹn ni tíṣà tuntun dé sí ilé ìwé wa, ọmọ Gánà, Tíṣà Kwámè. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń wọlé lásìkò náà, torí ọ̀dọ̀ wa lowó wà nígbà yẹn. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa gbà lọ wá owó ní Gánà ni àwọn náà gbà wá wá tiwọn. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Kwámè fi ṣọ́ọ̀kì ya òkun sára bọ́ọ̀dù, ó to Nàìjíríà, Dàhòmì, Tógò àti Gánà sétí rẹ̀ bí ilé mẹ́rin tó kọjú sí àgbàlá kan. Ó ní ẹja tó bá bọ́ nínú àwọ̀n ará Ákírà, ará Àgbádárìgì lè rí i pa lọ́la. Ara mi ò gbà á mọ́ níbi tí mo jókòó sí. Mo sáré délé lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé ilé kẹrin ni ọmọ wọn ń gbé, pé kò jìnnà rárá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fún mi ní ẹ̀pà díẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ó di òwúrọ̀ Sátidé kan. Obìnrin oníṣòwò kan fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ wọ àgbàlá wa. Ó ní ọmọ Ràbí ará Kùmásì nìyí, pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló júwe ilé wa fún wọn, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun pẹ̀lú ẹrù, ó sì ti kọjá lọ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Ọmọ náà tó mi lọ́jọ́ orí. Ó gbé agbọ̀n kékeré kan dání, eruku ọ̀nà sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n gé irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé àwọ̀ orí rẹ̀ ń hàn.

Irun yẹn ni Ìyá Àgbà rí. Láyé tiwọn, wọn kì í gé irun ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Bí kì í bá ṣe àìsàn ńlá, ọ̀fọ̀ ni. Ọmọ náà sì rèé, ara rẹ̀ le koko, ó dá wá, kò sí ìyá lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà bi í pé ìyá rẹ̀ dà. Ọmọ náà dáhùn lédè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́, ó nawọ́ sí ọ̀nà tó gbà wá. Nígbà tó rí i pé ojú Ìyá Àgbà ti yí padà, omijé bọ́ lójú òun náà, ó sì parí. Ìyá Àgbà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò gbọ́.

Kí ìyá mi tó rí wọn dì mú, mo ti ń sáré lọ. Mo mọ ẹni tó máa gbọ́ èdè yẹn. Yàrá kan ni Tíṣà Kwámè háyà lọ́nà Ìdímù, mo bá a níbi tó ti ń fọ ṣòkòtò. Mi ò rántí ohun tí mo sọ gan-an, mo ṣáà ń fà á láṣọ. Nígbà tí a dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sọ̀rọ̀ sí i, ojú ọmọ náà sì là wàì. Ámà lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ní ọmọ tí wọ́n bí ní Sátidé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe bí òun Kwámè náà nìyẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ní ilé ìwé Gánà, gbogbo ọmọbìnrin ló ń gé irun mọ́lẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá Àǹtí Ràbí dúró ní bọ́dà pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì ní kí Ámà ṣáájú, kí Ìyá Àgbà lè mọ̀ pé àwọn ń bọ̀, kí àyà wọn má baà já. Ó wá kọjú sí Ìyá Àgbà, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò já geere ní, "Màmá, ẹ má sunkún. Ọmọ yín wà lọ́nà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á dé."

Ọlọ́run ló mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ìyá Àgbà ní tiwọn wó lulẹ̀.

Tíṣà Kwámè kì í ṣe Yorùbá, kò sì mọ ohun tó ṣe. Ta ni nínú wa tó máa là á mọ́ abiyamọ lójú pé ọmọ rẹ̀ kú? Wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀ ni, wọ́n á ní ó wà lọ́nà. Ìyá Àgbà di ọwọ́ ìyá mi mú, wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe sọ ti bàbá Ràbí fún mi náà nìyẹn. Wọ́n ní ó ń bọ̀ láti oko."

Kò sí àlàyé tó wọ̀ wọ́n létí mọ́. Bàbá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n délé, wọ́n sì bá tíṣà sọ̀rọ̀ lápá kan. Mo rí i pé àwọn náà fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n má tíì pe àáfà. Àwọn aládùúgbò ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Àwọn tí kò rí Àǹtí Ràbí rí ń sọ bí wọ́n ṣe lawọ́ tó, bí wọ́n ṣe mọ ọ̀wọ̀ àgbà. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Èmi gba tíṣà gbọ́. Mo fa Ámà lọ́wọ́, a lọ dúró ní oríta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí tíṣà kọ́ wa nínú èdè wọn ni mo ń tún sọ fún un, "Akwaaba, akwaaba," ìyẹn káàbọ̀, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi tó sáré. Obìnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ga, ó gbé ẹrù ńlá kan lé orí, imú bàbá mi ló wà lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sọ ohunkóhun, mo kàn ń fò síwájú wọn lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe wọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí ẹní, wọ́n rí àwọn obìnrin tó dì mọ́ra wọn, wọ́n gbọ́ ẹkún láti inú ilé. Ẹrù bọ́ lórí Àǹtí Ràbí, abọ́ fọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ṣubú lé e lórí, wọ́n ń ké pé àwọn ti pẹ́ jù, ìyá àwọn ò dúró de àwọn. Àwọn kan tiẹ̀ sá, wọ́n rò pé òkú ló dé.

Ìyá Àgbà jáde láìwé gèlè, wọ́n la àárín èrò kọjá. Wọ́n dúró lé Àǹtí Ràbí lórí. Wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ràbí, dìde," wọ́n ní. "Èmi kọ́ ni mo kú. Ìwọ là ń sunkún."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lágbàálá wa lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àwọn tó tẹ́ ẹní fún ọ̀fọ̀ ló jókòó sórí rẹ̀ jẹun. Tíṣà Kwámè ń gbọ́ èdè ilé rẹ̀ lẹ́nu Àǹtí Ràbí, ó jókòó tì wọ́n bí àbúrò. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi ni mò ń fi gbogbo rẹ̀ ṣeré nílé ìwé. Màá ṣubú bí Àǹtí Ràbí, màá ké bí Ìyá Àgbà, kíláàsì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú tíṣà fúnra rẹ̀.

Mo ti dàgbà ju Àǹtí Ràbí ọjọ́ náà lọ báyìí. Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní Ákírà, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè é, ọkọ rẹ̀ ló gbé e, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó bi í léèrè ìdí. Ọmọ mi ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti fi mí ṣeré níwájú gbogbo kíláàsì.